Àwo Irin Tí Anusaya Gbé Lé Òṣùwọ̀n

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n gbé àwo irin kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀pá láti gbé fún ìdárayá, lé òṣùwọ̀n nínú ilé ìkẹ́rù atalẹ̀ pupa ní ìlú Sangli. Ogún kílò ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Kílò méjìdínlógún àti gíráàmù 640 ni òṣùwọ̀n kà. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún gbé e lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ̀n ọ́n, iye kan náà ló ń sọ. Kò sì sí ẹni tó lè dá òṣùwọ̀n lẹ́bi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò ti lu òǹtẹ̀ sí i ní oṣù kẹjọ, ìwé rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Ẹni tó gbé àwo náà wá ni Anusaya Waghmode. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, iṣẹ́ ìwọ̀n ló sì ti ń ṣe nínú ọjà atalẹ̀ pupa yẹn láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Kò ga, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti pupa rúsúrúsú débi tí ọṣẹ ti jọ̀wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti fọwọ́ kan àpò, ó ti mọ iye kílò tó jẹ́ kí òṣùwọ̀n tó ṣíra. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ọjà sì máa ń lọ́ràá. Nítorí náà ni oníṣòwò kan ṣe kó àpò márùn-ún síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní kó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ó mọ mẹ́rin. Ìkarùn-ún tó ṣì, wọ́n tú u wò, omi òjò ti wọ̀ ọ́.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí akọ̀wé ilé ìdárayá gbé àwo náà, àpẹẹrẹ tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́, lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, pé kó wo bó ṣe ń dán, Anusaya ò wo dídán rẹ̀. Apá rẹ̀ ti sọ fún un pé irọ́ wà níbẹ̀.

Ilé ìdárayá tí à ń wí yìí wà ní àdúgbò Chinchmala. Àwọn oníjàkadì ló kọ́ ọ ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí oníjàkadì nílò lọ: kòtò iyẹ̀pẹ̀ pupa, kùmọ̀ igi, òkúta oníhò tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, àti ọ̀pá irin méjì tó ti dípẹtà pẹ̀lú àwo wọn. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ni Yeshwant Patole, baba ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ìjà ti ká etí rẹ̀ méjèèjì jọ bí olú. Vastad ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníjàkadì.

Ẹ̀yìn ríro ló gbé Anusaya débẹ̀ ní ọdún 2019. Dókítà ní kó máa gbé nǹkan wúwo. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bi dókítà pé kí ni òun ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà ní kó máa gbé e bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e. Ó lọ bá Vastad. Vastad fún un ní aago mẹ́fà sí méje ààbọ̀ àárọ̀, àsìkò tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ jí, torí ó dá a lójú pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, obìnrin náà á ti sá. Ọ̀sẹ̀ pé, Anusaya mú Parvin Mulani wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rán ẹnu àpò lọ́jà. Parvin mú àbúrò ọkọ rẹ̀ wá. Yàtọ̀ sí ìgbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn, iye wọn ò yéé pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, obìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń wá, Vastad fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba ìlú fún ilé ìdárayá lówó láti fi ra irinṣẹ́ tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó lè tún béèrè. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ni yóò yan ohun tí wọ́n máa rà, Vastad sì ní kí wọ́n fi Anusaya ṣe ìkeje. Anusaya alára rò pé ẹni tó máa gbé tíì ni wọ́n ń wá. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, òun náà ló kúkú gbé tíì.

Yàrá kan ṣoṣo ló wà fún irinṣẹ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Dattatraya Upadhye, òṣìṣẹ́ báńkì, fẹ́ ẹ̀rọ mẹ́sàn-án tó ń dán, tó ní àga àti wáyà, pẹ̀lú àwo irin tí wọ́n tò sẹ́yìn gíláàsì. Ó ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò mìíràn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Anusaya ti yẹ ìwé àwòrán wọn wò. Èèyàn gíga ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ fún. Tí wọ́n bá kó ẹ̀rọ mẹ́sàn-án sínú yàrá yẹn, kò ní sí àyè fún nǹkan mìíràn, àwọn obìnrin ò sì ní rí nǹkan gbé fún odidi ọdún mẹ́wàá. Ó mọ bí yóò ṣe parí. Wọn ò ní jà, wọn ò ní bínú, wọ́n á kàn máa dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí àsìkò àárọ̀ yẹn á fi di òfìfo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kò dákẹ́. Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ó gbé àwo náà sórí tábìlì, ó sọ ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Upadhye wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kékeré dí lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kílò kan àti díẹ̀ lẹ torí ẹ̀ gbé irin la ọjà kọjá? Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó ń gbé e," Anusaya wí.

Ó ní ẹnì kan lọ́kàn. Mukta Ainapure, ọmọ télọ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló lágbára jù nínú àwọn obìnrin àárọ̀. Nínú ilé ìdárayá, ọgọ́ta kílò ló ń gbé kọjá orí rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ìdíje ní Kolhapur ní oṣù kejì, ọgọ́ta náà ló béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ẹ̀rù ló bà á. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi ewé sí i lọ́bẹ̀, wọ́n ti fún un ní ẹyin, wọ́n ti gbàdúrà fún un nítorí ẹ̀rù.

Lọ́jọ́ Ajé, Anusaya kó àwo mẹ́fà tó ti wà nílé ìdárayá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n. Kò sí ọ̀kan tó pé; ọgọ́ta tí Mukta ń gbé níbẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ọgọ́ta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà tí wọ́n sọ fún Mukta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ débi tí Parvin fi gbá a lẹ́yìn bí ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun.

"Mo sọ fún wọn," ni Mukta wí nígbà tó rọ̀ ọ́. "Mo sọ fún gbogbo wọn pé ẹ̀rù ò bà mí."

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Miraj, sí ilé ìtajà Nilkanth Shete, ẹni tó ń ta irinṣẹ́ náà. Anusaya mú okùn oníkókó tó fi ń wọn ìga àpò dání, ó mú kọ́kọ́rọ́ ńlá kan, Parvin sì mú bhadang dání, ìrẹsì yíyan oníata tí èèyàn Sangli kì í rìnrìn àjò láìmú lọ́wọ́. Shete jáde sí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n kàn wo fọ́tò, òun á ṣàlàyé. Anusaya ò jókòó. Ó ní àwo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn kò pé ogún.

Shete ò tilẹ̀ sẹ́. "Àǹtí, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Orúkọ lásán ni ogún yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Parvin wí. "Anusaya, tá a bá délé, ká máa ta àpò méjìdínlógún lórúkọ ogún. Àwọn ọlọ́pàá á wá sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é fún wa."

Shete rẹ́rìn-ín, ó gbà láti pààrọ̀ àwo náà. Ó wá mú wọn dé ìdí ẹ̀rọ tí Upadhye fẹ́ràn jù, èyí tí èèyàn ń jókòó sí tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin síwájú. Parvin gun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan pátákó irin. Ó ń fì dirodiro bíi ti ọmọdé tó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀. Mukta di òpó mú kó má bàa ṣubú fún ẹ̀rín. Shete ní kì í ṣe nǹkan, kí wọ́n kàn máa fi pílò ti ẹ̀yìn.

"Ẹ kó pílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún wa," Parvin dá a lóhùn látorí àga, "kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín sílé."

Ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà lè gbà ni kílò márùndínlọ́gbọ̀n. Nínú àwọn obìnrin àárọ̀, àwọn kan wà tí wọ́n fi kílò márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Anusaya béèrè bóyá ó lè dín kù sí i, Shete ní rárá, wọ́n ti ṣe é mọ́ ọn.

Anusaya wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ nǹkan wò bó ṣe máa ń yẹ ẹrù ọjà wò, láìyára, láìfèsì. Ó yí ọ̀pá irin lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó dojú bolẹ̀ láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí èyí tó tín-ín-rín díẹ̀, tó jẹ́ kílò márùndínlógún, tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ obìnrin. Ó gbé e fún Mukta, àtàǹpàkò ọmọ náà sì ká a yípo, ó lé ìka mìíràn. Mukta ò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Anusaya yẹ férémù irin tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé wò: ihò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún dé òkè orí, kúkúrú àti gíga ló lè lò ó. Ó rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ó mì ín, kò ṣíra. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń ra ìkòkò. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ńlá yẹn, ìró ibì kan kú. Ó bi Shete pé kí ló wà níbẹ̀. Shete ní kùn ló nípọn níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Shete pe Upadhye lórí fóònù pé inú àwọn obìnrin dùn púpọ̀ sí ẹ̀rọ náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́. Wọ́n kúkú ti rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ dáadáa.

Ìpàdé ọjọ́ Ẹtì gbóná. Anusaya ní ọ̀pá mẹ́fà, férémù méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́rin àti àwo tó pé ìwọ̀n ni kí wọ́n rà. Ó ní ọkùnrin tó ga jù ní Chinchmala lè lò ó, Parvin náà sì lè lò ó. Upadhye ní ta ló máa wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Mẹ́ta nínú wọn tẹ̀ sọ́dọ̀ Upadhye, Anusaya dá wà, àwọn méjì tó kù ò tíì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni Vastad. Ó ní ojú òun lòun gbà gbọ́. Kí Shete kó oríṣi méjèèjì wá, kí gbogbo èèyàn gbé e wò, kí wọ́n dìbò lójú ẹsẹ̀. Upadhye ṣí kàlẹ́ńdà. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ni ọdún Dussehra, iṣẹ́ ò sí, kò tún sí ọjọ́ tó lóríire tó o fún ríra irinṣẹ́. Gbogbo wọn ní ó dáa.

Àgbàlagbà méje ló jókòó síbẹ̀ o, tí wọ́n ti ń ṣe Dussehra láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn. Kò sí ọ̀kan tó rántí pé ọjọ́ tó dára jù láti ra irinṣẹ́ ni ọjọ́ tí irinṣẹ́ kì í ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Dussehra, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n á kí i, wọ́n á jẹ́ kó sinmi. Ní ilé ìdárayá yẹn, láti àádọ́rin ọdún, ẹnikẹ́ni ò gbé irin lọ́jọ́ náà rí.

Lọ́rì Shete já ẹrù sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé: ẹ̀rọ ńlá náà, férémù kan, bẹ́ǹṣì kan, ọ̀pá méjì. Ní aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin dé pẹ̀lú garawa bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Anusaya ní gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin nínú ilé yìí ni kí wọ́n fọ̀. Parvin bi í bóyá ti ọlọ́jà náà wà níbẹ̀.

"Ó ti sùn nínú ilé wa," Anusaya wí. "Àlejò wa ni."

Wọ́n fi ọṣẹ àti èèpo àgbọn fọ gbogbo rẹ̀, omi ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà, orin ń lọ, ẹnì kan ń da omi sí ẹnì kejì lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n so òdòdó aláwọ̀ ọsàn mọ́ ọn, Mukta sì ń lọ láti ìdí irin kan sí èkejì, ó ń fi ìka kan tọ́ atalẹ̀ pupa sí i, ó ń fi èkejì tọ́ àtíkè pupa sí i, bí àṣà ọdún náà. Nídìí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ńlá, àtíkè tó fọ́n kò dúró lójú kan. Ó ṣàn wọ inú àlàfo tóóró kan, ó sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni fi bírò pupa fa ìlà. Mukta pe Anusaya. Anusaya wò ó, ó ní kó máa fi àtíkè lọ.

Ní aago mẹ́sàn-án, ìgbìmọ̀ dé nínú aṣọ funfun. Upadhye wọ ṣòkòtò eré ìdárayá àti bàtà tuntun tí òórùn ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ta lára rẹ̀. Òun ló fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀rọ náà kí Vastad tó rí i.

"Upadhye, tó o bá fi ìdí kan nǹkan tí wọ́n ti fi òdòdó sí lọ́rùn lónìí, ìyá rẹ ni màá lọ pè."

Ìyá Upadhye ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìta kejì ló ń gbé. Upadhye gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìgbà náà ni ohun tí wọ́n ṣe wá yé gbogbo wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú. Shete ní lọ́rì òun gbọ́dọ̀ kó ẹrù náà lọ sí Solapur nírọ̀lẹ́. Vastad ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ohun tí ọjọ́ wà fún ná. Ó fọ́ àgbọn, ó gbé àtùpà, ó ń yí i níwájú irin kọ̀ọ̀kan, àwo àtijọ́, kùmọ̀, ọ̀pá, férémù. Ó dé ìdí ẹ̀rọ ńlá. Àtùpà náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà pupa náà pẹ́.

Ó ní kí Shete wá. Shete kúnlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ ha ibẹ̀. Kì í ṣe kùn ló já bọ́. Pútì ni, irú èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń dí ojú ihò, ó ń já sílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Lábẹ́ rẹ̀, irin méjì tí wọ́n ní wọ́n jó pọ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọra. Orí ẹsẹ̀ yẹn ni igba kílò irin ì bá ti máa lọ, tí á máa bọ̀.

"Bàbá, báyìí ni wọ́n ṣe gbé e fún mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe é," Shete wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì dà bíi pé òótọ́ ló ń sọ. "Mi ò tú u wò."

"Ìwọ ò tú u wò, àwa náà ì bá má tú u wò," ni Vastad wí. "Ọṣẹ ló tú u wò."

Ó wá bi Anusaya bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Anusaya ní ọṣẹ lásán ni. Kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ títí di òní. Àmọ́ Parvin ń sọ ọ́ káàkiri pé ibi kan ṣoṣo yẹn ni Anusaya fi èèpo àgbọn ha ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

Lọ́jọ́ Dussehra, kò sẹ́ni tó ń jáde nílé láìní ewé apta lápò, èyí tí wọ́n ń fún ara wọn, tí wọ́n ń pè é ní góòlù. Vastad yọ ọ̀kan. Ó ní bí a ò bá lè gbé irin, a lè fún un ní góòlù. Kí oníkálukú fi ewé rẹ̀ sórí èyí tó fẹ́ kí ilé yìí rà. Ó fi tirẹ̀ sórí ọ̀pá tín-ín-rín náà. Anusaya fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń wo ìlà pupa yẹn, wọ́n ń wo ọ̀pá, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí akọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin ti tò wọlé, ewé ti bo ọ̀pá náà mọ́lẹ̀.

Upadhye ní nínú ìwé òfin, ìbò méje péré ló wà.

"Ka méje tìẹ," Vastad wí, "kó o fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n kà á. Mẹ́fà fẹ́ ọ̀pá, ọ̀kan fẹ́ ẹ̀rọ. Upadhye ló ni ọ̀kan náà, kò sì fi pa mọ́: ó ní òun ti ra bàtà. Ilé náà rọ́ kẹ̀ẹ̀ fún ẹ̀rín, òun náà bá wọn rín in. Shete pàápàá yọ ewé kan, ó lọ fi sórí ọ̀pá. Parvin ní ẹni tó ń tajà kì í dìbò.

"Mi ò dìbò, Àǹtí," Shete wí. "Irin náà ni mo ń bẹ̀."

Wọ́n bá a dúnàádúrà níbẹ̀, Anusaya sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un: gbogbo àwo tó bá kó wá gbọ́dọ̀ gba orí òṣùwọ̀n ọjà kọjá kó tó wọ ilé ìdárayá. Lẹ́yìn ọdún Diwali, Shete kó ọgọ́ta àwo dé. Fún wákàtí kan gbáko, gbàǹjo atalẹ̀ pupa dúró, torí àwọn oníṣòwò pagbo yí òṣùwọ̀n ká, wọ́n ń pariwo iye tí wọ́n rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ kí Anusaya tó gbé e lé e. Àwọn tó ti ń ra ẹrù nínú ọjà láti ọgbọ̀n ọdún ń ṣì í gbọnrangbọnran. Àwo mẹ́rin ò pé. Shete fọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn padà sínú ọkọ̀, kò sì fi orúkọ wọn gbèjà wọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá, yàrá náà kún láti aago mẹ́fà. Wọ́n ti sọ férémù kan kalẹ̀ dé èjìká Parvin, ó sì ń lóṣòó lábẹ́ ọ̀pá, ó ń dìde, ó ń bú gbogbo ìdílé ọkọ rẹ̀ lórúkọ lórúkọ, ọ̀kan fún gbígbé kan. Ìyá arúgbó kan tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà ọjà gbé àwo kílò méjì méjì sọ́wọ́, ó ń rìn yípo bí ẹni tó gbé ìbejì. Mukta kọ́kọ́ gbé márùndínláàádọ́ta, ó gbé àádọ́ta, ó gbé márùndínlọ́gọ́ta, àwọn tó kù dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró. Anusaya fúnra rẹ̀ ló fi àwo kéékèèké sí i, ó fi ọwọ́ gbọ̀n wọ́n wò kó tó dì í. Mukta fà á dé àyà, ó mí, ó tì í kọjá orí, apá rẹ̀ nà gbọọrọ, ó dúró. Kì í ṣe ọgọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta ni, àmọ́ kò sí gíráàmù tó sọnù nínú rẹ̀. Ariwo tó sọ gbà títì kọjá.

Vastad jókòó sí etí kòtò iyẹ̀pẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni. Wọ́n tún àwo tò. Parvin padà sábẹ́ férémù, ó ku àna mẹ́rin tí kò tíì bú. Aago méje ààbọ̀ ti lù, aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ń súnmọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń na ọrùn wo inú, Upadhye ló wà níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n Anusaya," ó ké wọlé, "ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí àwa náà fọwọ́ kàn án ni?"